Orúkọ tí Ìyàwó Kì Í Pè

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí oníṣòwò Faransé kọ́ sí àdúgbò Treichville láyé àtijọ́, nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, ni wọ́n sọ di ilé-ìwé wa. Ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ di kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Yàrá ìjẹun òkè di kíláàsì CM2, níbi tí tọkùnrin tobìnrin ti ń múra ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé orúkọ, lábẹ́ àtẹ̀gùn onípákó.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fi orúkọ àwọn olùdánwò ránṣẹ́, mo rí i pé orúkọ ọmọbìnrin kan lọ́dọ̀ wa kò bá ti ìwé-ìbí rẹ̀ mu rárá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Bouaké dé. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ìwé ọmọ ẹlòmíràn ni, òun á yọ ọmọ náà kúrò. Ọdún kan gbáko ló máa fi jókòó sílé nìyẹn.

Mo ránṣẹ́ pe ẹni tó mú un wá forúkọ sílẹ̀ ní kékeré: ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta aṣọ ní Adjamé.

"Madame, kí ni orúkọ ọmọ yìí?" ni ọ̀gá bi í.

Ó wolẹ̀. "Ìbàdí-àrán."

"Kò sí ìyẹn nínú ìwé-ìbí."

Ó yíjú sí mi, ó bọ́ sí Yorùbá. "Ẹ bá mi sọ fún un, mà. Ṣé kí n la ẹnu pe orúkọ ọkọ mi ni?"

"Kí ló wí?" ni ọ̀gá béèrè.

"Ó ní ọmọ náà ni ọkọ òun."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ ọdún mọ́kànlá?"

Mo ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ọmọ ọwọ́ ì báà jẹ́. Orúkọ àpọ́nlé ló ń fún un. Èmi tí mo ti ń pe àbúrò ọkọ tèmi ní Akọ̀wé láti ọdún mẹ́tàlélógún, ó yẹ kí n mọ̀. Ohun tí obìnrin yìí sọ lọ́jọ́ tó mú ọmọ náà wá ni mo kàn kọ.

"Àṣìṣe tèmi ni," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Ó ka orúkọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ bá ìwé mu. Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ọkọ mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo fi rúlà fa ìlà pupa la èyí tí mo kọ, mo kọ orúkọ tòótọ́ sókè rẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú. Orúkọ ọmọ náà bá ti àwọn yòókù lọ kí aago méjìlá tó lù.