Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Nílé, Tí Ara Rẹ̀ Ń Yá Lọ́dọ̀ Mẹkáníìkì

Mo rántí ìgbà tí mo ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ pupa kan, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ìdérí àpótí. Ìgandò là ń gbé. Olùkọ́ ni mí, ìyàwó mi sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ìkòtún. Ọjọ́ tí mo gbé ọkọ̀ náà dé, mo kéde níwájú gbogbo aráalé pé ìyàwó mi ò ní wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ mọ́ láéláé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kò tó oṣù méjì tí ọkọ̀ fi gbé ìṣe rẹ̀ dé. Bí mo bá tan án láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á máa gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà mú, á sì kú. Màá tún un tan, á tún kú. Tó bá ti tó ogún ìṣẹ́jú tí ara rẹ̀ ti gbóná, àìsàn náà á pòórá. Ìyàwó mi á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa wo aago. Ó lè wọ kẹ̀kẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí àwọn aráalé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Aago méje ló yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Nígbà tó gba lẹ́tà ìkìlọ̀ kẹta, ọ̀gá rẹ̀ ní bó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó kúkú máa jókòó sílé.

Ẹ má rò pé mo káwọ́ lẹ́rán o. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo yí ibi tí mo ti ń ra epo padà, mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, bàbá ará Oǹdó kan tí kì í pariwo. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tẹ́tí, á ní, "Tíṣà, ọkọ̀ yín ò ní nǹkan kan jàre." Inú bí mi, mo ní kò mọṣẹ́. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé kí n tó kúrò nílé, mo ti jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná dáadáa, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti nu táyà rẹ̀ kó máa dán. Ojú ń tì mí kó máa gbọ̀n níwájú àwọn mẹkáníìkì. Èmi ni mo kun àtíkè fún aláìsàn kí n tó gbé e lọ bá dókítà! Nígbà tí bàbá ní kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo kọ̀, mo ní wọ́n á yọ nǹkan lára rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí mo ṣe mú kọ́kọ́rọ́ jáde, bàbá yìí ni mo bá lórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà wa.

"Ẹ ò tíì tan án, àbí?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Ìyàwó yín ló ní kí n wá bá a nígbà tó ṣì tutù."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó mi ń wo ojú ọ̀run.

Mo tan án, ó gbọ̀n. Bàbá ki orí rọ́bà gígùn kan sétí, ó ń fi orí kejì wá inú ẹ́ńjìnnì kiri títí ó fi dúró lójú kan. Ó da omi díẹ̀ síbẹ̀, ọkọ̀ ò sì gbọ̀n mọ́. Ó ní rọ́bà tó wà níbẹ̀ ti ya, omi yẹn ló dí i. Bó bá tutù, ojú rẹ̀ á là, atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọlé. Bó bá gbóná, á wú, á padé.

"Ta ló fa rọ́bà yìí?"

Èmi náà ni! Ọjọ́ tí mo ń fọ ẹ́ńjìnnì kó lè máa dán ni mo fà á. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí mi. "Bàbá ẹ́ńjìnnì, ẹ kú iṣẹ́ o!" Bàbá fi téèpù dì í ká, ìyàwó mi sì débi iṣẹ́ kí aago méje tó lù.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, a sì ti ta ọkọ̀ náà. Mo máa ń fi ìtàn rẹ̀ pa àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́rìn-ín, àmọ́ tí mo bá dá wà, ó máa ń dùn mí. Mi ò fẹ́ kí ojú tì mí níwájú mẹkáníìkì, ìyàwó mi sì ń lọ gba ìtìjú níwájú ọ̀gá rẹ̀, kò sì fi bú mi rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ yín pẹ́ ju ọkọ̀ yín lọ. Ẹ lọ jókòó jàre."