Ẹyẹlé Lórí Aṣọ Mi

Omi gbígbóná ni màmá àgbà ń rọra dà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn bálíkónì, yìnyín sì ń ké pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ bí ẹ̀pà tí wọ́n ń pa. Súwẹ́tà méjì ni wọ́n wọ̀ léra wọn. Wọ́n fi gèlè àtijọ́ kan di etí, wọ́n sì wọ ìbọ̀sẹ̀ ìyá mi sínú sálúbàtà. Èmi ni mo di kẹ́tùlù kejì mú. Òjò tó di yìnyín ti lẹ ilẹ̀kùn náà pa láti ọjọ́ mélòó kan, aṣọ mi sì wà níta.

"Tì í," ni wọ́n wí.

Mo tì í. Ilẹ̀kùn náà kérora, ó ṣí ìwọ̀n tí ọmọdé lè gbà kọjá, mo sì yọrí síta. Lórí tábìlì tí a tẹ́ aṣọ náà sí, lẹ́bàá ògiri níbi tí òjò kò dé, ẹyẹlé kan jókòó sí àárín aṣọ mi gẹ́lẹ́. Ó ń wò mí bí ẹni tó ti san rẹ́ǹtì.

Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, wá sí Toronto láti Abẹ́òkúta nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin. Iṣẹ́ tí àwọn ìyá àgbà ilé wa ti ń ṣe láti ayébáyé ni wọ́n wá ṣe: kí wọ́n máa wẹ ọmọ, kí wọ́n máa fi omi gbígbóná tẹ ìyá ìkókó níkùn, kí ìyá ọmọ lè rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò jókòó pẹ́ nílé. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ náà kì í sì í dúró de ẹni tó bímọ. Bó ṣe di pé màmá àgbà nìkan ni wọ́n ń gbé ọmọ pọ̀n láti òwúrọ̀ dalẹ́ nìyẹn, nínú ilé tí ojú fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, ní àsìkò tí ilẹ̀ ń ṣú kí n tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ó rẹ̀ wọ́n. Wọn kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí kanlẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí àga.

Nǹkan kan ni wọ́n fẹ́ ṣe fún ara wọn kí wọ́n tó padà. Nínú ìdílé wọn, gbogbo ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí ni ìyá àgbà rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya aṣọ kan fún. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sára aṣọ funfun, wọ́n á sá a kó gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní gba aró, òun ló máa funfun. Gbogbo àwọn ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ní tiwọn. Èmi nìkan ni n kò ní, nítorí ibí ni wọ́n bí mi sí. Aṣọ funfun kan ṣoṣo ni màmá àgbà gbé wá nínú àpótí wọn, wọ́n di ewé ẹ̀lú gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe aró sínú ọ̀rá pẹ̀lú rẹ̀.

"Tìẹ ló kù," wọ́n sọ fún mi. "Ojú mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ká tètè ṣe é."

Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya á nílé. Wọ́n wo adìẹ tí ìyá mi rà nínú fírísà, wọ́n mi orí. "Ìhòòhò ni wọ́n ń bí adìẹ tiyín?" Bí a ṣe gba etí adágún inú páàkì lọ nìyẹn, pẹ̀lú àbúrò mi lẹ́yìn wọn lábẹ́ kóòtù. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn tó máa ń sá fún òtútù ti padà dé, bẹ́ẹ̀ yìnyín ṣì wà lójú omi. Oṣù kẹta ni, oṣù tí kò mọ ohun tó fẹ́: òwúrọ̀ oòrùn, ọ̀sán ẹ̀fúùfù, ìrọ̀lẹ́ yìnyín. Ọ̀kan nínú àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà na ọrùn, ó ń dún ṣìì sí wa. Màmá àgbà kí i, wọ́n sì ṣa ìyẹ́ rẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá gba nǹkan tó fi pamọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti ń rùn láfún. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì ìjẹun nígbà tí ọmọ bá sùn, wọ́n á ki ẹnu ìyẹ́ bọ inú ẹ̀kọ, mo sì máa ń gbọ́ ọ tó ń ha aṣọ, hẹ̀rẹ̀, hẹ̀rẹ̀. Wọ́n pín aṣọ náà sí ojú-ojú. Nǹkan tí wọ́n bá rí láti ojú fèrèsé ni wọ́n ń yà sí i. Wọ́n ya pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn. Wọ́n ya ọ̀kẹ́rẹ́ dúdú tó ń sáré lórí wáyà. Wọ́n ya ẹranko olójú dúdú tó máa ń tú ike ìdọ̀tí wa, tí wọ́n ń pè ní gbéwiri. Ojú àárín nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni tèmi gan-an, wọ́n ṣì ń wò mí kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa yà.

Ọjọ́ kan wá gbóná lójijì. Àwọn ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀ láì wọ kóòtù. Màmá àgbà gbé aṣọ náà lọ sí bálíkónì kí ẹ̀kọ ara rẹ̀ lè gbẹ.

"Màmá, ẹ má trust oòrùn yìí o," ìyá mi wí bó ṣe ń wọ bàtà ibi iṣẹ́. "Weather ibí máa ń parọ́."

"Oòrùn kan náà ló wà lókè," ni màmá àgbà dáhùn. Nílé wọn, tí ọyẹ́ bá ti lọ, oòrùn kì í bá èèyàn ṣeré. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni òjò dé, tó di yìnyín bó ṣe ń kan ilẹ̀, ìyókù sì ni mo ti sọ.

Ẹyin kan ló wà lábẹ́ ẹyẹlé náà. Nígbà tó yá, wọ́n di méjì. Ìyá mi gbé ìgbálẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ n lé e. Pigeon ò mọ́, baby sì wà nílé. Flight yín náà ti ń sún mọ́lé. Ìgbà wo lẹ fẹ́ parí aṣọ yìí?"

Màmá àgbà dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ọmọ wà lẹ́yìn wọn. "Èmi tí mo wá tọ́jú ìyá ìkókó, ṣé èmi ni n ó wá lé ìyá ìkókó mìíràn jáde nínú òtútù?"

"Ìyá ìkókó mélòó lẹ lè tọ́jú?"

"Ẹ̀yin méjì náà ni."

Ìyá mi jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ìgbálẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Èmi ni mo bú sẹ́kún.

"But it's mine, Grandma. You said it's mine."

Wọ́n gbọ́ ọ yé. Wọ́n fà mí mọ́ra, ara wọn ń rùn láfún àti òróró ọmọ. "Tìẹ ni, ọkọ mi. Ẹni tó ni nǹkan ló ń yáni. Ẹyẹ ilé ni ẹyẹlé. Tó bá ti jókòó sí ọ lára, o kò gbọdọ̀ lé e."

Inú bí mi sí wọn fún ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n ń fọ́n ìrẹsì sí etí tábìlì láràárọ̀, ọjọ́ ìrìnàjò wọn ń bọ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, àwọn ọmọ ẹyẹlé ti pa, wọ́n burẹ́wà, irun pupa bíńtín-bíńtín wà lára wọn, wọn ò tíì lè fò. Màmá àgbà wọ kóòtù, wọ́n wo àwọn ọmọ ẹyẹlé náà títí.

"Tí wọ́n bá fò, ká aṣọ rẹ. Má fọ̀ ọ́. Mo ń bọ̀ wá parí ẹ̀ nígbà tí oòrùn yín bá gbọ́n."

Màmá àgbà kò padà wá. Kí ọyẹ́ tó parí nílé lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè wá láti Abẹ́òkúta pé màmá àgbà ti sùn. Ìyá mi lọ sunkún ní bálíkónì. Àwọn ẹyẹlé wà lórí irin, wọn kò fò. Nígbà tó wọlé, ó bu ìrẹsì, ó sì tún jáde.

Èmi náà ń ṣe shift báyìí, mo sì ń mí kanlẹ̀ kí n tó dìde. Aṣọ náà wà lọ́dọ̀ mi, funfun, pẹ̀lú àbàwọ́n roboto kan láàárín. Ẹ̀lú náà ṣì wà nínú ọ̀rá. N kò rẹ aṣọ náà rí, nítorí n kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ yà sí ojú àárín. Ẹ̀kọ ara rẹ̀ kò hàn sójú dáadáa, ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, ìgbàkígbà tí mo bá sì tú u, díẹ̀ ń já dànù.

Ní oṣù kẹta tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Ọmọbìnrin mi gun orí rẹ̀.

"Mummy, there's nothing on it."

Mo fi ìka rẹ̀ tọ ẹ̀kọ náà. Ó rí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, ó rẹ́rìn-ín. Ó tọ ìrù ọ̀kẹ́rẹ́. Ó wá ká ara rẹ̀ jọ sí àárín aṣọ náà, oorun sì gbé e lọ. Mo gbọ́ bí ẹ̀kọ ṣe ń fọ́ lábẹ́ rẹ̀ nígbàkígbà tó bá yí ara padà. Mo na ọwọ́ láti gbé e kúrò, mo sì fa ọwọ́ náà padà. Mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, mo jẹ́ kó sùn.