Orúkọ Inú Ìwé Ìtàn

Ẹ bá mi kí ẹni tó mọ ìtumọ̀. Ẹ dìde, ẹ ṣí fìlà, ẹ fún un ní àga tó dára jù lọ nínú yàrá. Èèyàn ńlá ni. Kò kọ́lé, kò gbẹ́ kànga, kò wo aláìsàn kankan sàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tí òun mọ̀ tí ìwọ kò mọ̀, kò sì ní sinmi títí yóò fi sọ ọ́ fún ọ. Bí o bá ń jẹun, yóò dúró tì ọ́. Bí o bá ń sunkún, yóò sọ ohun tí òyìnbó ń pe irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ kò kún ṣíbí kan, síbẹ̀ ó ń rù ú káàkiri ìgboro bí ẹni tó dé adé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, irú wọn pọ̀ ní Ìlọrin ju eṣinṣin lọ. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. Ọ́fíìsì ń yọ lójoojúmọ́, àwọn akọ̀wé sì ń ya wọlé láti Ọ̀mù-Àrán àti àwọn ìlú ìhà ibẹ̀. Bàbá mi wà lára wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á jókòó sí pálọ̀ wa lẹ́bàá Challenge, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ òyìnbó lu ara wọn bí ẹni ń sọ òkò. Ọ̀kan nínú wọn dá ìyá mi dúró lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ gbígbóná lọ́wọ́, ó ní kó má tíì gbé e kalẹ̀, kí òun kọ́kọ́ sọ ìtumọ̀ àpẹ́táìtì, bí oúnjẹ ṣe ń wu ènìyàn jẹ, fún un. Ìyá mi dúró. Ọbẹ̀ jó o lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó gbé àwo kalẹ̀, ó sì lọ ki ọwọ́ bọ omi. Mo wo ojú ọkùnrin náà nígbà tó gbọ́ "ẹ ṣeun" yẹn. Ojú náà ń dán bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni tíṣà wa ní kíláàsì kẹfà. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ onípele kejì ló ní, ṣùgbọ́n táì ọrùn rẹ̀ ti gba dìgírì. Ó lọ sí Kàdúná fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé ọgbọ́n tuntun kan bọ̀ níbẹ̀ tó ń pè ní Ọ̀rọ̀ Alààyè. Ọgbọ́n náà rèé. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nínú ìwé kíkà òyìnbó, tíṣà á kọ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun inú rẹ̀ sójú pátákó, á sì fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Láti ọjọ́ náà títí ìtàn yóò fi parí, a kò gbọdọ̀ pe orúkọ tí bàbá àti ìyá fún ọ mọ́ nínú ọgbà ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n á fi pè ọ́ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n á pè kí wọ́n tó nà ọ́. Tíṣà ní báyìí ni ìtumọ̀ ṣe ń wọ ara.

Ìtàn tí a kà ní sáà yẹn jẹ́ ti ìyá arúgbó òyìnbó kan tó ń retí àlejò ọlọ́lá wá jẹun nílé rẹ̀, tí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ já okùn, tó wọ pálọ̀, tó sì sùn sórí tìmùtìmù tí ọlọ́lá fẹ́ jókòó lé. Ìtàn kékeré ni. Ṣùgbọ́n tíṣà ń fún wa ní ìpínrọ̀ kan lọ́sẹ̀ bí ẹni ń wọn oògùn fún ọmọ ọwọ́, nítorí náà ó gba gbogbo sáà.

Bí a ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló ṣe ń pín orúkọ, bí ọ̀rọ̀ sì ṣe tẹ̀ léra lójú pátákó. Ó kàn mí, mo di Bọ́tílà. Tíṣà ṣàlàyé pé bọ́tílà ni ẹni tó ń gbé ọtí fún òyìnbó, tó sì ń gbéra ga ju òyìnbó náà lọ. Mo gbé àyà sókè. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé tèmi ni Pígì. Tíṣà ti ya ẹranko náà sójú pátákó pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára rẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ọmọ tó sì jókòó tì mí ni ọmọ ọ̀gá kan ní GRA, ẹni tí mọ́tò bàbá rẹ̀ máa ń gbé tíṣà dé Challenge bí òjò bá ń rọ̀. Tíṣà wúkọ́. Ó wo pátákó, ó wo ọmọ náà, ó fi dọ́sítà nu ibi tí kò dọ̀tí.

"Ìwọ," ó ní, "ìwọ ni Díúkì. Díúkì ni ọlọ́lá. Bíi Balógun ni, àmọ́ kì í lọ sógun."

Ó wá rìn lọ sẹ́yìn kíláàsì, ó dúró níwájú ọmọbìnrin kan tó wá láti Òkè-Oyì.

"Ìwọ ni Pígì."

Ọmọbìnrin náà dìde. "Sà, Mùsùlùmí ni mí."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ẹ̀sìn? Ṣé kì í ṣe ẹran lẹ̀ ń sìn nílé yín?"

"Ewúrẹ́ ni, sà. Àti àgùntàn."

"Ẹran ni ẹran ń jẹ́. Jókòó, Pígì."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí orúkọ yìí lè ṣe fún un. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ilé-kéwú nìkan ló sì fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ lágbègbè wọn ni pé nílé-ìwé òyìnbó ni wọ́n ti ń fi haràmù bọ́ ọmọ Mùsùlùmí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbàgbé ìrun. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, tó ń gbé ní ìgboro, ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi jẹ́ kí ọmọ yìí wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kó lè kàwé. Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé ohun ẹ̀gbin kan ọmọ òun nílé-ìwé náà, ọjọ́ náà ni yóò padà sóko. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún wa, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, nígbà tí kò tíì sí ewu. Ó fẹ́ dé kíláàsì keje, níbi tí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń parí sí lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, kó sì ṣèdánwò bíi tiwa. Ó fẹ́ràn ìwé kíkà débi pé ó ti ka ìtàn arúgbó náà tán kí tíṣà tó kúrò lórí ìpínrọ̀ kìíní, ó sì máa ń fi ohùn arúgbó sọ ìparí rẹ̀ fún wa lákòókò ìsinmi. Lẹ́yìn tó di Pígì, kò sọ ọ́ mọ́.

Àràárọ̀ ni a ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan sọ orúkọ wa àti ìtumọ̀ rẹ̀ lédè òyìnbó. Èmi á ní bọ́tílà ni mí, mò ń gbé ọtí. Òun á ní pígì ni mí, ẹranko ẹlẹ́gbin ni mí. Tíṣà á ní, "Ohùn sókè." Ohùn á sì ròkè. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ wá bẹ̀ wá wò, ó gbọ́ ọ, ó pàtẹ́wọ́, ó ní òyìnbó ẹnu ọmọ náà mọ́ tónítóní.

Bí ọmọ náà bá sì ti Òkè-Oyì dé lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀, Díúkì á na ọwọ́ sí i.

"Pígì, kí lo mú bọ̀? Àbí kí n lọ kí ìyá tó ò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, kí n sọ orúkọ ẹ fún un?"

Á tú ìdí aṣọ. Ẹ̀pà, ẹyin awó tí wọ́n ti sè, nígbà mìíràn wàrà. Ọmọ tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé wá sílé-ìwé, tó ń fi bọ́tà jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, ló ń gba ẹyin lọ́wọ́ ọmọ àgbẹ̀. Ẹ̀yìn ṣáláńgá ni a ti ń pín in jẹ, kí tíṣà má baà rí wa. Òórùn ìtọ̀ á máa ta wá nímú, pupa ẹyin á lẹ̀ mọ́ ètè Díúkì, á máa jẹ, á sì máa fi imú dún bí ẹlẹ́dẹ̀ sí ẹni tó fún un lóúnjẹ. Ọmọ náà á bá wa rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló ń rí mi lára jù nínú gbogbo rẹ̀. Mi ò lè jẹ ẹyin awó mọ́ láìgbọ́ òórùn ṣáláńgá.

Nígbà tí sáà ń parí lọ, bàbá rẹ̀ wá sílé-ìwé. Aṣọ funfun ló wọ̀, eruku ọ̀nà ti sọ etí aṣọ náà di pupa, ó sì gbé awó kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ há abíyá. Àkókò ìsinmi ni. A ń ṣeré lábẹ́ igi dóńgóyárò, tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ọlọ́hun á san yín lẹ́san rere."

Ó na awó sí i. Tíṣà gbà á, ó dì í mú bí ẹni di fáìlì mú.

Díúkì figbe ta. "Pígì! Pígì o! Bàbá ẹ dé!"

Bàbá yí padà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ rẹ̀ ti sáré dé, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Orúkọ inú ìwé ni."

"Orúkọ inú ìwé!" Inú rẹ̀ dùn. "Tíṣà, ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ inú ìwé! Kí wá ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

Tíṣà, ẹni tó lè dá ewúrẹ́ dúró lọ́nà láti sọ ìtumọ̀ fún un, bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀.

"Ọmọ tó… tó múra síṣẹ́ ni, Bàbá. Ọmọ tí kì í ṣọ̀lẹ."

"Alihamudulilai!" Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó sì ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu bí ẹni ń tọ́ oyin wò. "Pígì. Pígì ọmọ mi. Bí mo bá délé, gbogbo agboolé ló máa máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀."

Àwọn ọmọ ń ṣubú lu ara wọn lábẹ́ igi. Díúkì ń yí nílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Tíṣà kò lé wọn. Mo rí i pé òun náà ń fi eyín tẹ ètè kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àgbàlagbà tó gbé awó wá dúpẹ́ ni wọ́n jẹ́ kó máa fi ayọ̀ pe ọmọ rẹ̀ lẹ́lẹ́dẹ̀ lójú wọn. Ọmọ náà kò sunkún. Ẹnu wa ló ń wò.

Bàbá gbọ́ ẹ̀rín náà, ó rí i pé ó pọ̀ jù. Ó yíjú sí mi, nítorí èmi ló sún mọ́ ọn jù.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ dáadáa? Kí lorúkọ ìwé tìẹ?"

"Bọ́tílà, sà."

"Ìtumọ̀ ẹ̀?"

"Agbọ́tí òyìnbó, sà."

"Aúsùbílà! Wọ́n fi ọtí sọ ọ́ lórúkọ?" Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo tíṣà, ó tún wò mí. "Pígì wá ńkọ́? Ṣé ohun tí tíṣà sọ náà ni?"

"Bọ́tílà," ọmọ náà sọ jẹ́jẹ́, "jọ̀ọ́."

Mo ní, "Rárá, sà. Ẹlẹ́dẹ̀ ni." Kò sì sẹ́ni tó bi mí ní ìyókù, ṣùgbọ́n mo fi kún un pé, "Tó bá jẹ́ abo, orúkọ mìíràn tún wà tí òyìnbó ń pè é."

Bàbá kò pariwo. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ọmọ náà mi orí. Ó mú un lọ́rùn ọwọ́, wọ́n jáde ní géètì, wọ́n sì kọjú sí ibi tí mọ́tò Òkè-Oyì ti ń kó èrò. Báàgì rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló wá gbé e lẹ́yìn náà. Ó ní òun ti lọ bẹ àbúrò òun, kò gbà. Tíṣà jẹ awó náà. Nígbà tí a tún pe orúkọ, ó fo Pígì, ó pe ọ̀rọ̀ tó kàn. A kò rí ọmọ náà mọ́.

Mo ti dé yunifásítì láti ìgbà náà. Mo ti fi tíṣà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọ̀mọ̀wé, pẹ̀lú táì rẹ̀ àti Díúkì tí kì í lọ sógun, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn tí mo sọ ìyókù fún ní òótọ́ ni mo sọ fún bàbá náà, pé ó sàn ju kó máa pe ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ délé. Ì bá dára ká ní ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn. Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin náà. Ó ti sọ fún wa. Ṣùgbọ́n mo mọ ìtumọ̀, àgbàlagbà kan béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ilé-ìwé, mo sì fẹ́ kó rí i pé mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà sọ ìtumọ̀.