Ìwé Tí Màmá Dì Máàkì

Màmá Dì làwọn ọmọ iléèwé wa ń pe olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó jókòó sí tábìlì tó kángun sí tèmi. Òun náà mọ̀, kì í bínú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń kọ́ wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹnì kan ń tẹ dùùrù tàbí ó ń fọn fèrè, 'the', tí àwọn ọmọ ń pè ní 'dì', gbọ́dọ̀ ṣáájú orúkọ ohun èlò náà, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, kí wọ́n yọ 'the' kúrò. Ìṣirò lèmi ń kọ́ wọn. Mo dúpẹ́ pé méjì àti méjì ò ní irú wàhálà yìí.

Ó ti rẹ obìnrin náà. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ọjọ́ kan lè wò sàn. Kíláàsì mẹ́rin, ọgọ́jọ ìwé lọ́sẹ̀, ojú ń ro ó, ẹsẹ̀ ń wú. Ló bá dá ọgbọ́n kan: kò ka gbólóhùn mọ́. Á fi ìka wá 'the' kiri ojú ewé bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Bó bá ti rí i, ó ti máàkì í nìyẹn, ó di tẹlòmíì.

Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Bí ọmọ kan bá kọ ọ́ pé iná ń jó iléèwé wa, tí 'the' ẹ̀ bá ti pé, ẹ máa fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni."

Á ní, "Ẹni a gbé pọ̀n ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn."

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà nínú kíláàsì rẹ̀. Ní iléèwé, "mà" lọmọ náà ń pè é bíi tàwọn yòókù. Bí wọ́n bá délé, kó tó bọ́ aṣọ iléèwé, ìyá ti sùn lọ lórí àga tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, a jọ ń máàkì. Ẹnì kan ń tẹ dùùrù ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀.

"Ta ló ń fi dùùrù yọ wá lẹ́nu yìí?" ló béèrè, ó fọwọ́ di etí kan.

Mo fa ìwé kan nínú tiẹ̀ kí n lè ràn án lọ́wọ́. Ti ọmọ rẹ̀ ni. Mo ṣèèṣì ṣí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé, èyí tó ti máàkì. Ọmọ náà kọ ọ́ pé olùkọ́ orin ti ń kọ́ òun ní dùùrù, pé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yìí òun máa tẹ̀ ẹ́ fáwọn òbí ní gbọ̀ngàn, àyà òun ń já, òun sì fẹ́ kí màmá òun wá. Gbogbo 'the' ibẹ̀ pé. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, yíǹkì pupa. Ojú tì mí fún gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo ti ṣe.

Mo gbé e síwájú rẹ̀. "Ẹ ka eléyìí. Ẹ má máàkì ẹ̀ o, ẹ kà á."

Ó kà á. Nígbà tó fi máa rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí mo di apá rẹ̀ mú, dùùrù ti dákẹ́. Àwọn òbí ti lọ, olùkọ́ orin ti ti dùùrù pa, ó ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ náà ń to àga léra.

"Mi ò mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi nílé?"

"Ẹ máa ń sùn, mà. Mo rò pé ẹ ti kà á." Ó gbé àga mìíràn. "Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ dè yín níwájú."

Àga yẹn nìkan ni kò tíì tò. Màmá Dì lọ jókòó sí i, ó kọjú sí dùùrù tí wọ́n ti tì pa.