Ìwé Tí Bàbá Mi Gbà Lọ́wọ́ Àkàrà

Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ógbómọ̀ṣọ́, ìwé tó pọ̀ jù nílé wa ni èyí tí ìyá mi máa ń rà láti fi di àkàrà. Ọjà Igbó ni wọ́n ti ń dín in. Èmi ni mo máa ń bó ẹ̀wà kí n tó lọ síléèwé, títí ìka mi á fi hun jọ.

Inú ìdì ìwé yẹn ni mo ti rí ìwé ìtàn òyìnbó kan tí kò ní èèpo mọ́. Ìtàn ìlú kan lọ́jọ́ iwájú ló ń sọ, níbi tí ìjọba ti ka ìkíni léèwọ̀. Ẹ̀rọ wà lára gbogbo ògiri, ó ń tẹ́tí. Ẹni tó bá kí ẹnìkejì rẹ̀, a ò ní rí i mọ́. Ẹ gbà mí! Nílé wa, níbi tí ọmọ tó bá kọjá lára àgbà láìkúnlẹ̀ máa káwọ́ sókè títí apá á fi máa gbọ̀n!

Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ààfáà, gbọ́ nípa ìwé náà, inú bí wọn. "Ta ló mọ ọ̀la yàtọ̀ sí Ọlọ́run? Gbé e fún ìyá ẹ, kó fi di àkàrà."

Mo bú sẹ́kún. Mi ò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan nínú ìtàn náà máa já sí. Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n: "Bàbá Múlíkà, ẹ jẹ́ kó kà á sí yín létí ná. Bí ò bá dáa, àárọ̀ ọ̀la ò jìnnà."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń kà, mo ń túmọ̀, Bàbá ń fa tẹ̀sùbáà wọn bí ẹni tí kò gbọ́. Mo dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀ fún arúgbó kan láàárín títì: "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Ẹ̀rù ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dáhùn.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ọlọ́run á dá ẹ sí."

Bàbá mi ló dáhùn! Oòrùn ti ń wọ̀, wọ́n sì ń kí ọmọ inú ìwé káàárọ̀. Ìyá mi fi ìborùn bo ẹnu. Bàbá wò mí. "Ọ̀ranyàn ni kéèyàn dáhùn sálámà. Kà á lọ."

Mo ṣí ojú ewé tó kàn. Obìnrin kan ṣí fèrèsé, ó dáhùn. Òmíràn dáhùn, títí gbogbo àdúgbò fi gba ìkíni náà, tí apá ẹ̀rọ ò ká wọn mọ́. Bàbá mi ti dáhùn ṣáájú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn ló ń tú ìdì ìwé ìyá mi: "Múlíkà, wo èyí, ṣé ìlú tó bàjẹ́ wà níbẹ̀?" Mi ò tíì rí olùgbọ́ ìtàn tó tó wọn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń wá ìwé fọ́mọ, irú èyí ni kẹ́ ẹ rà. Ó ń fi ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ wa hàn wá nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́.

Bàbá ti lọ. Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo ka ìwé náà fáwọn ọmọ mi, kálukú wọn ń tẹ fóònù. Mo dé ibẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, bàbá." Mo ń retí kí wọ́n dáhùn. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

Ni mo bá dá ọmọ inú ìwé náà lóhùn: "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ọlọ́run á dá ẹ sí."