Lítíréṣọ̀ ní Ìdí Ààrò Ẹja

Nígbà tí Jọọlá Kòkúmọ́ sọ fún àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja ní Ugbonla pé òun fẹ́ padà lọ ṣe ìdánwò, ìṣirò ni wọ́n rò pé ó kù fún un, torí ìṣirò ni ó máa ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú. Ó ní rárá, òun ti yege nínú ìṣirò láti ọjọ́ yìí. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kù, ìyẹn ìwé ìtàn àti ewì.

Ọ̀kan nínú wọn dá iṣẹ́ dúró. "Ìtàn kẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń fi ìtàn dán èèyàn wò? Ṣé ẹni tó bá gbàgbé ibi tí ìjàpá gbà ni wọ́n á ní kó máa lọ sílé?"

Jọọlá rẹ́rìn-ín. Òun náà kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń wá nínú ìtàn.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń kọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi kan tí ìjọ dá sílẹ̀, bí wọ́n bá sì ti jáde lọ́sàn-án, á gba ìdí ààrò lọ. Godspower, ọkọ rẹ̀, ń wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, ó ń kó èrò lọ sí Igbokoda. Promise, ọmọ wọn, ti wọ ilé ìwé gírámà. Ohun tí Jọọlá ń lépa ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, kó lè di olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti sọ pé láìsí Lítíréṣọ̀, kó má wulẹ̀ yọjú.

Dámilọ́lá ló ń kọ́ ọ. Ọmọ Èkìtì ni, ìjọba ló gbé iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ wá sí etí òkun, ìgbì ṣì ń bà á lẹ́rù débi pé ó máa ń di ojú bí ọkọ̀ bá fò sókè. Jọọlá ju Dámilọ́lá lọ ní ọjọ́ orí, Dámilọ́lá sì jẹ́ tíṣà rẹ̀, nítorí náà "ẹ" ni wọ́n jọ ń fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ewì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ewì àkọ́kọ́, òkun jẹ́ ìyá àgbà kan tó jókòó, tó ń ya irun rẹ̀, tó ń pe àwọn ọmọ kó wá sùn sórí ẹsẹ̀ òun. Jọọlá kà á tán, ó gbé ìwé sílẹ̀.

"Tíṣà, òkun wo lẹni yìí rí? Èyí tó wó ilé ìyá mi ní Abereke kò gbé e sórí ẹsẹ̀ o."

"Ìyá Promise, wọn ò ní bi yín bóyá òkun rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa bi yín ni bí akéwì ṣe mú kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ewì yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin, ó sì lè má jẹ́ akéwì gan-an. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ dópin ná."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jọọlá létí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ìyẹn ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Kò rò ó rí pé ó lè kan ewì.

Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà kì í tètè dúró sí i lórí. Ọgbọ́n tó dá sí i ni pé ìtàn tó bá kà láàárọ̀, á sọ ọ́ fún àwọn obìnrin lọ́sàn-án ní èdè Ìlàjẹ, bí wọ́n ti ń yí ẹja padà lórí wáyà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ìtàn ọkùnrin kan tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láìmọ̀ pé bàbá ṣì wà láàyè dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn kan ní ọmọ náà kò jẹ̀bi. Àwọn mìíràn ní bàbá wo ló ń ṣe òkú fún odidi ọdún? Jọọlá ń gbọ́, ó ń fi ohun tí wọ́n ń wí pamọ́ sínú. Nígbà tó sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún Dámilọ́lá, ìyẹn ní, "Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ gbè sẹ́yìn ẹnì kan, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rọ̀ inú ìtàn tì í lẹ́yìn."

Bí wọ́n ṣe dé orí ìtàn apẹja méjì nìyẹn. Ìlú òkèèrè kan ni ó ti ṣẹlẹ̀, inú adágún ni wọ́n ti ń pa ẹja. Ìjì da ọkọ̀ wọn dé. Ọ̀kan rí pákó dì mú, ó sì ń wẹ̀ lọ sí èbúté. Ó ń gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, kò yíjú padà.

Ibẹ̀ ni Jọọlá sọ ọ́ dé kí ó tó rántí ẹni tó jókòó sí ìdí ààrò kejì.

Moríkẹ́ ni. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, opó sì ni. Ọlárìndé, ọkọ rẹ̀, ló bá òkun lọ nígbà tí Táyé, ọmọ wọn, kò tíì máa rìn. Godspower ni wọ́n jọ lọ lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ló padà wálé, tòun ti kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan lábẹ́ apá, ó sì sọ fún gbogbo ìlú pé ìgbì gbé Ọlárìndé lójijì, òun kò rí i mọ́, òun kò gbọ́ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bi í lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà náà ló ti fi ẹja pípa sílẹ̀, tó di ẹni tó ń kó èrò. Ọ̀nà omi tó kọjá níwájú ilé Moríkẹ́, kì í gbà á, bí ó tilẹ̀ yá jù. Gbogbo èèyàn mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Jọọlá ń wá bí yóò ṣe yí ìtàn náà sí òmíràn.

"Parí ẹ̀," ni Moríkẹ́ wí. Kò gbé orí sókè kúrò lórí ẹja rẹ̀.

Jọọlá bá parí rẹ̀. Ọkùnrin náà gòkè, ó ní òun kò gbọ́ ohunkóhun. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó lọ sílé opó ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Ìtàn tán síbẹ̀.

"Ṣé ó kàn án?"

"Ìwé ò sọ, Àǹtí mi."

Moríkẹ́ kó ẹja rẹ̀ tí kò tíì gbẹ sínú agbọ̀n, ó sì gba orí afárá pákó lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Jọọlá bi Dámilọ́lá ìdí tí òǹkọ̀wé fi dá ọkùnrin náà dúró síbẹ̀.

"Bóyá ó fẹ́ ká gbé ìbéèrè náà lọ sílé," ni Dámilọ́lá wí.

"Mo ti gbé e délé," ni Jọọlá dáhùn.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé Moríkẹ́ lè rò pé ṣe ni òun ń fi ìtàn inú ìwé tú àṣírí Godspower. Jọọlá kò sì mọ àṣírí kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí Godspower jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ palẹ̀, ó lọ bá a.

"Bàbá Promise, mo sọ ìtàn kan ní ìdí ààrò. Inú ìwé tí mò ń kà ni. Àǹtí Moríkẹ́ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ó sọ ọ́ láìyọ nínú rẹ̀, láìfi kún un. Ọkùnrin náà ń fi àkísà nu púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó béèrè pé:

"Ẹni tó kọ ọ́, ṣé apẹja ni?"

"N kò mọ̀."

"Kò lè jẹ́ apẹja. Tí ìjì bá ń jà, ohùn kì í tẹ̀ lé èèyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa gbọ́ ọ."

Jọọlá wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó wo àkísà náà, ó sì wọlé lọ gbé omi kaná láti fi ro púpurù.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ará àdúgbò rí ọkọ̀ Godspower ní ọ̀nà omi tí kì í gbà, kò kó èrò kankan. Jọọlá kò sí níbẹ̀. Ẹnu Moríkẹ́ ló ti gbọ́ ọ, nígbà tí obìnrin náà padà sí ìdí ààrò.

"Kò wọlé," ni Moríkẹ́ wí. "Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Ó ní, 'Ó pè mí. Mo gbọ́ ọ. N kò yíjú.' Mo bi í pé kí ni ó pè é. Ó ní orúkọ òun ni."

"Kí lẹ wá ṣe, Àǹtí mi?"

"Mo sunkún. Kí ni n bá ṣe? Lẹ́yìn náà mo bu omi fún un, ó sì mu ún. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀, Jọọlá. Ẹni tí kò lè wo Táyé lójú, kí ló tún fẹ́ sọ fún mi? Àmọ́ mo fẹ́ kó sọ ọ́." Ó yí ẹja ṣawá kan padà. "N kò dárí jì í o. Má lọ rò bẹ́ẹ̀. Mi ò kàn fẹ́ kí ilé mi máa jẹ́ ibi tí wọ́n ń yà fún mọ́ ni." "Ìtàn tó o bá tún fẹ́ sọ, kọ́kọ́ sọ ibi tó ń lọ fún mi kó o tó bẹ̀rẹ̀."

Igbokoda ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà, Godspower ló sì gbé e lọ. Ìtàn apẹja méjì ni Jọọlá mọ̀ jù lọ nínú gbogbo ohun tó kà. Ó lè sọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Kò sí nínú ìbéèrè rárá. Ewì kan tí kò kà rí ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ti arúgbó kan tó ń dúró de rélùwéè ní ìlú tó tutù. Jọọlá kò wọ rélùwéè rí. Ó gbọ́ tirẹ̀ dópin, lẹ́yìn náà ló mú bírò.

Èsì jáde, ó yege, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà á. Wọ́n ti gbé Dámilọ́lá lọ sí Àkúrẹ́ nígbà náà. Orí fóònù ló ti gbọ́, ó kígbe débi pé Jọọlá gbé fóònù jìnnà sí etí. Godspower àti Moríkẹ́ ń kí ara wọn nísinsìnyí bí wọ́n bá pàdé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí jẹ́lé-ó-sinmi bá gba ìsinmi ni Jọọlá ń lọ gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Promise sì ń bá a yan ẹja títí yóò fi dé.