Èwo Nínú Wọn Ló Ń Wo Èkejì

Ìyá mi máa ń sọ pé ẹ̀gún ni wọ́n tẹ́ sórí gbogbo àga tí mo bá jókòó lé. Kò parọ́ mọ́ mi. Kí n tó pé ọmọ ogún ọdún, mo ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo sì ti já a jù sílẹ̀, torí pé abẹ́rẹ́ ń bí mi nínú. Wọ́n mú mi lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, kí n máa to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Oṣù mẹ́rin gbáko! Lọ́jọ́ kan, mo da odindi àpótí lẹ́tà sílẹ̀, wọ́n ní kí n ṣà á. Èmi kọ́ ló máa ṣà á. Mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, mò ń rìn lọ, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ.

Ẹsẹ̀ mi gbé mi dé Igbóbì, nítòsí ilé ìwòsàn àwọn tí egungun wọn ṣẹ́. Lábẹ́ igi kan, bàbá kan gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ igi mẹ́ta, ó da aṣọ dúdú borí. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá ló jókòó síwájú rẹ̀, ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì le ojú koko. Mo dúró wòran. Bàbá onífọ́tò yọ orí jáde, ó rí mi.

"Ìwọ yìí, ṣé o fẹ́ wò ó ni, àbí o fẹ́ jí i?"

"Mo fẹ́ wò ó ni, sà."

Ó gbé aṣọ sókè fún mi, mo ki orí bọ̀ ọ́. Yéè! Ọkùnrin alágbádá doríkodò nínú gíláàsì, òun àti igi àti àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn forí sọlẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tó ń já bọ́. Mo gbàgbé pé inú ń bí mi. Mo gbàgbé pé ebi ń pa mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo dúró sójú kan, àfìgbà tí bàbá náà fà mí ní ṣòkòtò jáde. Mo bá a ru ẹrù rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣómólú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nígbà tí ìyá mi wá bẹ̀ ẹ́ kó gbà mí, ó ní, "Ẹ ẹ́ rí i, sà, kò ní pẹ́ sá." Ọ̀gá mi ní kò burú, kámẹ́rà ti ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, tèmi á sọ ọ́ di márùn-ún.

Mi ò sá, ṣùgbọ́n mo da ọ̀gá mi láàmú. Òfin rẹ̀ pọ̀. Etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn. Kí ọwọ́ wà lórí orúnkún. Kí ojú kọ iwájú gbọnrangandan, torí pé fọ́tò tí àgbà bá yà lónìí ni wọ́n máa gbé síta lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, àlejò ò sì gbọdọ̀ máa béèrè pé etí òsì dà. Èmi fẹ́ ya ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó yíjú wo ẹyẹ. Ọ̀gá mi á ní, "Lọ ya ẹyẹ nígbà náà." Ojoojúmọ́ la máa ń jà sí i.

Iṣẹ́ kan wà tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn, ìyẹn fọ́tò ìbejì tí ẹnì kan ti lọ nínú wọn. Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Ó rìnrìn àjò ni. Bí ó bá rìnrìn àjò láìya fọ́tò, ìyá á mú èyí tó kù wá. Ọ̀gá mi á fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, á ya ọmọ náà lápá ọ̀tún. Á wá gbé páálí sí ìdajì kejì, á sún ọmọ sápá òsì, á tún un yà sórí gíláàsì kan náà tí àwòrán ń lẹ̀ mọ́. Tí ó bá jáde, méjì ló jókòó síbẹ̀, aṣọ kan náà, ojú kan náà. Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, á kọ́kọ́ bi ìyá wọn pé, "Ta ló máa ń sùn lápá ọ̀tún?" Ibi tí oníkálukú ń sùn lórí ẹní ni ó máa jókòó sí nínú fọ́tò.

Ọ̀gá mi lọ sìnkú àna rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá Ìlàjẹ kan dé. Láti etí ọ̀sà ní Bàrígà ló ti wá, òórùn ẹja yíyan ń jáde lára rẹ̀, ó fa ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún márùn-ún lọ́wọ́. Ó ní méjì ni wọ́n, àwọn obìnrin méjèèjì, ọ̀kan ti rìnrìn àjò láti ìgbà òjò. Ìyá ọkọ rẹ̀ nílé lọ́hùn-ún ò fojú kan àwọn ọmọ náà rí, ọkọ̀ ojú omi sì máa gbé àwọn lọ sílé ní ọ̀la. Ó ní, "Ọmọ Jésù ni mí, ṣùgbọ́n ìbejì ni ìbejì. Mi ò lè mú ẹyọ kan lọ."

Mo ní ọ̀gá mi ò sí. Ó jókòó, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Kí ni kí n ti ṣe? Ẹnu mi ti ń yún mi kí n sọ pé mo lè yà á, ọwọ́ mi sì ti wà lórí páálí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó dìde, ìyá."

Mo sáré gbé ọmọ náà sápá ọ̀tún, mo yà á. Ìyẹn dára. Mo gbé páálí, mo sún un sápá òsì. Ó kọ̀, kò jókòó. Ó ń ṣe gìrìgìrì, ó fẹ́ padà sí àga àkọ́kọ́. Oòrùn ti ń yí kúrò lójú fèrèsé, ara mi ò balẹ̀, ni mo bá tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, kí ìyá rẹ̀ má bàa gbọ́, mo ní, "Jókòó jẹ́ẹ́. Ẹnìkejì rẹ ń bọ̀ wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ."

Ó jókòó lóòótọ́. Kò mira mọ́. Mo ṣí ojú kámẹ́rà, mo ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, mo pa á dé. Ìgbà tí mo fọ gíláàsì nínú oògùn fọ́tò ni mo rí ohun tí mo fi ẹnu mi fà. Ọmọ apá ọ̀tún kọjú síwájú bí ọ̀gá mi ṣe fẹ́. Ọmọ apá òsì yíjú, ó ń wo àga kejì, ó ya ẹnu díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ilẹ̀kùn ṣí. Ó ń wò bóyá ẹnìkejì rẹ̀ ti dé.

Kò sí gíláàsì mìíràn nílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà bẹ́ẹ̀.

Ìyá náà dé ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó gba fọ́tò, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Èwo nínú wọn ló ń wo èkejì?"

Ibẹ̀ ni mo rántí pé mi ò bi í ta ló ń sùn lápá ọ̀tún. Ìkánjú ló jẹ́ kí n gbàgbé, orí mi ti gbóná. Òun náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ fún mi.

Ó ní, "Dá mi lóhùn. Tó bá jẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ mi ló ń wo èyí tó lọ, á jẹ́ pé ó ń wá a. Ẹni tó bá sì ń wá ènìyàn, á tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ kan."

Ó na fọ́tò náà sí mi. Inú bí mi, ẹ má bínú, bó ṣe máa ń bí mi nìyẹn tí ẹ̀rù bá bà mí. Ó dé orí ahọ́n mi kí n pariwo pé, "Ìyá, ọmọ kan náà ni! Ọmọ yín kan ṣoṣo yìí náà ni!" Òótọ́ sì ni. Mo sì mọ òótọ́ tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: èyí tó wà láàyè ló ń wá èyí tó lọ, èmi ni mo sì ní kó máa wá a. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.

"Èyí tó rìnrìn àjò ni," mo ní. "Òun ló ń wo ẹnìkejì rẹ̀. Ó ń ṣọ́ ọ ni."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, ìyá."

Ó mí kanlẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi, ó fi fọ́tò sí àyà, wọ́n lọ. Ọ̀gá mi dé, ó wo gíláàsì náà títí, ó bi mí pé apá wo ni ọmọ ń sùn. Mo ní mi ò béèrè. Mo rò pé á lé mi ni. Ó kàn gbé gíláàsì náà sínú àpótí, ó ní láti ọjọ́ náà lọ èmi ni màá máa ya ìbejì, kí n lè kọ́ bí a ṣe ń fara balẹ̀.

Mo kọ́ ọ. Iṣẹ́ yẹn náà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn, kì í sì í ṣe àìbalẹ̀ tàtijọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn Ìlàjẹ náà ti padà sí Bàrígà, mo gbé kámẹ́rà, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí ọ̀sà, mo ní mò ń wá oníbàárà. Mo rí ọmọ náà tó ń sáré láàárín agbada ẹja. Mo padà. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n ní òjò ba ilé jẹ́ níbẹ̀, mo lọ. Wọ́n ní ọkọ̀ kan dojú dé, mo sáré lọ, mi ò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Tí ọmọ bá wúkọ́ ní Ṣómólú, Bàrígà ni ọkàn mi máa ń lọ.

Nígbà tí èéyi wọ Bàrígà, tó ń pa ọmọdé, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá náà rí mi lókèèrè. Ó gbé igi iná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá pàdé mi lọ́nà, kò jẹ́ kí n dé ìdí iná.

"Onífọ́tò, má wá síbí mọ́."

Mo ní, "Ìyá, mo kàn ní kí n kí yín ni."

"Ìgbàkígbà tí mo bá rí ọ, àyà mi máa ń já. N kì í sùn lóru ọjọ́ náà, ọwọ́ ọmọ ni mo máa ń dì mú títí ilẹ̀ á fi mọ́." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "O ní ó dá ọ lójú. Tó bá dá ọ lójú, kí lo máa ń wá wò?"

Ọmọ náà jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́, ó ti ga sí i, ara rẹ̀ le koko. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi. Ìyá rẹ̀ ò yé wo ojú mi, ó ń dúró de èsì, èmi náà ò sì yé wo ọmọ náà.